Ọbẹ̀ Ìyá Mi Nínú Fìrísà Ìyá Oníyìnyín

Lánàá, bí mo ṣe ń ti ilé ẹ̀kọ́ bọ̀, òórùn ata díndín gba ojú fèrèsé aládùúgbò wa jáde, ó sì dá mi dúró gbági. Ata tí omi rẹ̀ ti gbẹ, tí òróró ti léfòó sórí rẹ̀, ni. Ẹ̀yin àbúrò mi, irú òórùn bẹ́ẹ̀ ló kún yàrá wa ní Agége ní ọjọ́ tí ìyá mi ń múra àtilọ ṣe iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ní ilẹ̀ Lárúbáwá.

Fìrísà kan ṣoṣo ló wà nínú ọgbà wa nígbà náà. Ti Ìyá Oníyìnyín ni, obìnrin Ìjẹ̀bú kan tí ń ta yìnyín àti omi tútù. Gbogbo ayálégbé ló ń tọ́jú ọbẹ̀ síbẹ̀. Kálukú a bu tirẹ̀ sínú ọ̀rá kéékèèké, ìwọ̀n oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan, a sì fi òwú aláwọ̀ tirẹ̀ so ó lẹ́nu. Pupa ni tiwa. Èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni tú òwú ẹlòmíràn.

Ìyá mi so ọ̀rá títí ìka fi ń ro wọ́n. “Ẹ máa mú ẹyọ kan ní Sátidé,” ni wọ́n wí. “Kí ó tó tán, màá ti dé.”

Èmi ọmọdé gba ọ̀rọ̀ náà bí ẹ̀jẹ́: níwọ̀n ìgbà tí ọbẹ̀ bá ṣẹ́ kù, ìyá mi ń bọ̀. Nígbà tí ìpè wọn lórí fóònù dínkù, tí ó sì dáwọ́ dúró, n kò jẹ́ kí bàbá mi mú ọ̀rá kankan mọ́. Búrẹ́dì àti ẹ̀wà ni a ń jẹ, tàbí gààrí àti ẹ̀pà.

“Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ń retí kí ọbẹ̀ yìí bímọ ni?” Ìyá Oníyìnyín a máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀. “Àyè yìnyín mi lẹ gbà o!”

“Ẹ má bínú, màmá,” ni bàbá mi máa ń dáhùn. “Ìyá ẹ̀ ló ń retí.”

A lọ ṣe ọdún Iléyá ní ìlú wa. Lẹ́yìn wa ni tiráńsífọ́mà àdúgbò jóná. Àwọn tó wà nílé tún ọbẹ̀ wọn sè, ṣùgbọ́n ta ni yóò tú òwú wa? Nígbà tí a dé, bàbá mi tú àwọn ọ̀rá náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbóòórùn wọn, wọ́n ń wá ẹyọ kan tó ṣì dára. Gbogbo rẹ̀ ti kan. Wọ́n dà á sí gọ́tà, wọ́n sì lóṣòó síbẹ̀.

“Mo ti mọ̀ tipẹ́,” ni wọ́n wí. Kò jọ pé ọbẹ̀ ni wọ́n ń sọ.

Ìyá mi kò dé. A kò sì gbọ́ ohùn wọn mọ́.

Lónìí, kálukú ló ní fìrísà tirẹ̀, èmi náà sì ń dín ata, mo ń bu ú sínú ike pẹ̀lú ìdérí rẹ̀. Bàbá mi máa ń jẹ ẹ́ tán, wọn a sì yìn mí pé ó dùn. Títí di òní, wọn kò tíì sọ pé ó jọ ti ìyá mi.