Ọwọ́ Mi Mọ Bàálù, Ẹnu Mi Ni Kò Mọ̀ Ọ́n

Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Siporex ní Abidjan, níbi tí mo ti ń ta oògùn, á sọ fún yín pé ẹnu mi mú. Oníbàárà tó bá fẹ́ gba oògùn láì mú ìwé dókítà wá, tèmi tirẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbé àgbà síwájú mi, ẹnu yẹn á kú fin-ín. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, Treichville ló ti ń ta aṣọ kí wọ́n tó bí mi. Faransé ni àwa ọmọ fi kàwé lóòótọ́, àmọ́ nínú ilé wa, kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ fún àgbà pé ọ̀rọ̀ kò rí bó ṣe wí. Tí bàbá mi bá ní òjò kò ní rọ̀, aṣọ wa á wà lórí okùn títí òjò á fi pa á, kò sẹ́ni tó máa kó o.

Ẹ̀kọ́ ilé yìí ni mo gbé dé pápá bàálù Port-Bouët létí òkun nígbà tí mo lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bàálù kékeré oníjókòó méjì. Bàbá kan tó ti wa bàálù ńlá títí ó fi fẹ̀yìn tì ló ń kọ́ mi. Irun rẹ̀ funfun báláú. Tonton ni mo ń pè é, bí gbogbo ọmọ Abidjan ṣe ń pe ọkùnrin tó bá tó bàbá wọn. A máa ń fò lọ sí apá Songon, níbi tí ọ̀sà ti tẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ wa, màá máa yí, màá máa gòkè, inú mi á sì máa dùn bí ọmọ tí wọ́n ra bàtà Iléyá fún. Tonton fúnra rẹ̀ ní ọwọ́ mi ti mọ́ ọn. Ohun tó kù ni solo, kí n dá fò láìsí olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹni tí kò bá ṣe é kò lè gba ìwé àṣẹ láéláé.

Lọ́jọ́ kan tí à ń padà bọ̀, Tonton ní kí n fi bàálù sílẹ̀ fún òun kí òun fi balẹ̀. Mo gbọ́wọ́ kúrò. A ti ń rí òrùlé Gonzagueville lẹ́bàá pápá nígbà tí mo ṣàkíyèsí pé eré wa ń dínkù. Bàálù tí eré rẹ̀ bá dínkù jù, jíjá ló ń já. Mo wo Tonton, ó ń súfèé. Mo ní nínú ara mi pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Lójijì ó ti ẹ̀rọ síwájú, bàálù bú ramúramù, a sì tún gòkè.

"Ṣé o rí bí eré ṣe ń lọ sílẹ̀?"

"Mo rí i, Tonton."

"Kí ló dé tí o kò sọ̀rọ̀?"

"Tonton, ẹ̀yin náà lẹ sáà ń wà á."

Ó ní òun mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. "Ma fille, ọmọ mi obìnrin, ọjọ́ tí o bá lè wo irun funfun yìí kí o sọ fún mi pé mo ṣì í, ọjọ́ náà ni wàá dá fò."

Inú bí mi. Tí mo bá dá wà lókè, ta ni màá ta kò? Ó ní òun ni. Ó ní ohùn òun á ṣì wà létí mi láti orí rédíò, bí ohun tí òun wí bá sì lòdì sí ohun tí ojú mi rí ńkọ́?

Mo gbìyànjú o. Bí ó bá ń yà síbi tí kò yẹ, èmi á bẹ̀rẹ̀: "Tonton, pardon, ẹ má bínú o, kì í ṣe pé mo fẹ́ kọ́ yín níṣẹ́ yín, ọmọ yín ni mo jẹ́..." Kí n tó dé ìdí ọ̀rọ̀, a ti kọjá ibẹ̀. Tonton á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní bàálù kò lè dúró gbọ́ gbogbo ìyẹn. Àwọn tí a jọ bẹ̀rẹ̀ ti dá fò, wọ́n ti da omi lé wọn lórí bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún ẹni tó bá kọ́kọ́ dá fò, èmi sì ń bá wọn pàtẹ́wọ́. Ó dùn mí wọra.

Nígbà tó di Sátidé kan nígbà òjò, Tonton dédé sọ pé, "Ó tó. Ọwọ́ rẹ dáa. Wọlé, máa lọ. Solo." Mo rò pé ó ti sú u láti máa dúró de ẹnu mi. Ayọ̀ gbà mí lọ́kàn. Mo ti gbá apá bàálù mú kí n tó wo ojú òkun. Ojú ọ̀run ibẹ̀ ti ṣú, atẹ́gùn sì ti yí àpò aṣọ orí òpó, tó ń tọ́ka ibi tó ń fẹ́ sí, síbòmíràn. Tonton kẹ́yìn sí òkun, ó ń nu awò ojú rẹ̀. Tí mo bá dákẹ́, ohun tí mo ti ń wá á bọ́ sí mi lọ́wọ́.

"Rárá, Tonton. Ẹ ṣì í. Òjò ń bọ̀, mi ò lọ."

Kò sí pardon, kò sí ẹ má bínú. Ó yíjú sí òkun, ó wò ó pẹ́. A jọ ti bàálù padà sábẹ́ òrùlé, a kò tíì gba ẹnu ilẹ̀kùn tán tí òjò fi dé, òjò tí kò jẹ́ ká rí ojú pápá mọ́.

Ìgbà náà ni mo wá rántí pé àgbà ni mo ta kò. Mo kúnlẹ̀ sórí símẹ́ǹtì tí epo ti ta sí, mo ní kó forí jì mí. Mo bi í bóyá ó tún ń dán mi wò ni.

"Rárá," ló wí. "Mi ò rí i." Ó wo òjò tó ń rọ̀. "Mi ò rí i rárá, ma fille." Ó na ọwọ́, ó fà mí dìde.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ojú ọ̀run mọ́ kedere. Tonton dúró ti bàálù, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, kò pàṣẹ kankan. Mo wo òkun, mo wo àpò aṣọ, mo yí bàálù ká.

"Tonton, mò ń lọ."

Ó yà kúrò lọ́nà fún mi.