Orúkọ Ọtí Nínú Orin Ọ̀rẹ́ Mi

Nígbà tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi jọ ń gbé ní Ìbà, a máa ń rìnrìn àjò lọ́sàn-án láìkúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn ọdún 1990 ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin yunifásítì ni wá, yàrá kan la sì jọ háyà lọ́wọ́ ìyá onílé kan tó ń lọ sí ìjọ aláṣọ funfun. Tí iná bá wà, ọ̀rẹ́ mi á ki kásẹ́ẹ̀tì bọ inú rédíò, a ó dùbúlẹ̀, a ó dijú. Afẹ́fẹ́ á máa gbé kọ́tìnì sókè, á máa sọ ọ́ kalẹ̀. Ohùn àwọn olórin ráàpù Amẹ́ríkà á sì máa gbé wa lọ.

Àdàkọ ni àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà, Alábà la ti ń rà wọ́n. Ohùn inú wọn ti rọ̀ díẹ̀, bí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ omi. Kì í ṣe gbogbo gẹ̀ẹ́sì wọn là ń gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn orúkọ kan wà tí wọ́n máa ń pè lápètúnpè, tí a sì fẹ́ràn. Ọ̀kan dún bí orúkọ ìlú etí òkun. Mo máa ń rí ìlú náà: ilé funfun, òpópónà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lórí rẹ̀. Òmíràn dún bí orúkọ obìnrin kan tó ga, tó wọ aṣọ dúdú. Ọ̀rẹ́ mi ní obìnrin náà ti kú, pé òun ni gbogbo wọn ń ṣọ̀fọ̀.

Inú àlá yìí la wà títí ọmọ kíláàsì wa kan fi wá kí wa. Ọmọ sójà ni, bárékè Ọ̀jọ́ ni wọ́n ń gbé. Ó gbọ́ orin náà, ó gbọ́ ìtàn tí a fi sí i nídìí, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

"Ìlú wo? Ọtí ni, jọ̀ọ́! Mo ti rí òfìfo ìgò rẹ̀ lẹ́yìn ibi tí àwọn ọ̀gá sójà ti ń ṣe fàájì."

"Obìnrin yẹn ńkọ́?" ni ọ̀rẹ́ mi bi í.

"Òun náà, ọtí ni."

Ó dùn mí, bí ìgbà tí wọ́n jí èèyàn lójú oorun dídùn. Ọ̀rẹ́ mi ní tirẹ̀ ro ọ̀rọ̀ náà lọ, ó rò ó bọ̀. Ó ní, "Tí orúkọ ọtí bá lè gbé èèyàn dé ibi tá a dé yẹn, a jẹ́ pé ohùn ló ń pani, kì í ṣe ọtí."

Òun náà máa ń ráàpù. Ọmọ olùkọ́ ni, láti Èkìtì. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ wúwo ju ara rẹ̀ lọ. Yorùbá ló ń lò, pẹ̀lú pijin díẹ̀, lásìkò tí àwọn ẹgbẹ́ wa ń fi imú sọ gẹ̀ẹ́sì. Lọ́jọ́ kan tó kọrin níbi àríyá àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ọkùnrin kan tó dé fìlà ilé iṣẹ́ ọtí dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Iṣẹ́ ìpolówó ọjà ni ọkùnrin náà ń ṣe.

"Sísítà, ohùn yín ò kéré o," ló wí. "Ṣé ẹ mọ̀ pé ráàpù ló ń bá wọn ta ọtí ní Amẹ́ríkà? A ní jíìnì tuntun. Ẹ bá wa fi orúkọ rẹ̀ sórin."

Ọ̀rẹ́ mi gbà. Orí bẹ́ẹ̀dì wa ló ti kọ ọ́, èmi ni mo ń pàtẹ́wọ́ sí i:

"Ó tutù lẹ́nu, ó móoru láyà,
Ẹni tó bá mu ún kì í sunkún mọ́."

Lẹ́yìn náà ni yóò wá pe orúkọ ọtí, pè é, pè é, títí orúkọ náà á fi di ìlù. Àwa méjèèjì ò tíì fẹnu kan ọtí líle rí.

Pápá kan ní Okokomáìkò ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé jíìnì náà jáde, lórí lọ́rì tí wọ́n ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni. Ọ̀rẹ́ mi kò tíì pẹ́ lórí orin tí àwọn èrò ti gba orúkọ náà lẹ́nu rẹ̀, tí wọ́n ń fò. Eruku dìde, oòrùn tó ń wọ̀ gba inú eruku náà kọjá, gbogbo pápá pọ́n bí epo. Mo wo ọ̀rẹ́ mi láàárín ìmọ́lẹ̀ yẹn, ó jìnnà sí mi bí ẹni tí mo gbọ́ nípa rẹ̀ lásán.

Wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, lọ́rì sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e kiri dé Ìjánikin. Nígbà kan tí à ń rìn lọ sí kíláàsì, lọ́rì náà yọ lẹ́yìn wa, ó rọra kọjá. Ohùn rẹ̀ ń kọrin lókè orí wa, kò sí ẹni tó wo ojú rẹ̀. Ó dì mí lọ́wọ́ mú. "Ó dà bí pé ẹlòmíì ló ń lá mi lálàá," ló wí.

Àwọn ọmọdé ilé wa ń fi orin náà fa omi nídìí kànga. Ìyá onílé kọ́kọ́ bá wọn wí, "Ẹ gbé orin Èṣù yẹn lọ!" Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá náà ń fọ sùtánà ìjọ wọn, a gbọ́ tí àwọn fúnra wọn ń fi imú kọ ọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, bàbá ọ̀rẹ́ mi dé láti Èkìtì, wọ́n gbé iṣu wá fún wa. Wọ́n jókòó sórí àga kan ṣoṣo tí a ní, wọ́n ń mu omi, ni lọ́rì bá gba ojú títì kọjá. Wọ́n rọra gbé ife sílẹ̀.

"Ta ní ń kọrin yẹn?"

Ọ̀rẹ́ mi kúnlẹ̀. "Èmi ni, Bàbá."

Wọ́n tẹ́tí sí i títí ohùn náà fi rá mọ́ afẹ́fẹ́. "Ohùn ìyá mi nìyẹn," ni wọ́n wí. "Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń fa ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ń kọ àlàmọ̀, orin obìnrin ilẹ̀ wa, fún ìyàwó." Wọ́n wò ó. "Ṣé o ti mu ọtí náà rí?"

"Rárá, Bàbá."

"Ẹ̀gbọ́n mi mu irú rẹ̀. O ò bá wọn láyé. O ní ẹni tó bá mu ún kì í sunkún mọ́?" Wọ́n mirí. "Ẹkún ni wọ́n ń sun, ọmọ mi. Láàárọ̀, lọ́sàn-án. Èmi ni mo máa ń nù wọ́n lójú."

A se iṣu, a jọ jẹ ẹ́, wọ́n bi mí bí ìwé mi ṣe ń lọ, wọ́n gbàdúrà fún wa, wọ́n lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo sin ọ̀rẹ́ mi lọ bá ọkùnrin onípolówó. Ọ̀rẹ́ mi ní òun fẹ́ yí ìlà ẹkún yẹn padà.

"Sísítà, ohùn ti jáde," ni ọkùnrin náà wí, láìbínú. "Ìlà yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ràn. Ìbàdàn la tún ń gbé e lọ, ẹ múra."

"Mi ò lọ," ni ọ̀rẹ́ mi wí.

Wọ́n wá ọmọbìnrin mìíràn dípò rẹ̀. Nígbà tí lọ́rì tún padà sí pápá Okokomáìkò, a lọ dúró lẹ́yìn èrò. Ọmọbìnrin náà ń ya ẹnu, ohùn ọ̀rẹ́ mi ń jáde. Mo yọ́jú wo ẹni tó ni ohùn. Ètè rẹ̀ ń mì, ó ń bá orin náà lọ ní jẹ́jẹ́. Nígbà tí wọ́n dé ìlà ẹkún, ó pa ẹnu dé. Nígbà tí ìlà náà kọjá, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Kí a tó ṣe ìdánwò àṣekágbá, ó kọ ráàpù mìíràn fún ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tí kò mọ̀ rí, ó sì ń fa ìparí ọ̀rọ̀ bí aláàlàmọ̀. Ó kọ ọ́ níbi àríyá àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Kò sí ẹni tó fò, kò sí ẹni tó gbè é. Ọmọ sójà ọ̀rẹ́ wa kàn ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ọ̀rẹ́ mi gba orin náà sínú kásẹ́ẹ̀tì, ó fi ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ nílé.

Nígbà tí mo lọ síbi ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ mi ní Èkìtì, bàbá rẹ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní àwọn máa ń gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà lálẹ́ kí àwọn tó tan àtùpà, àti pé tí ó bá parí, àwọn kì í tètè dìde.