Igi Kan, Ojú Méjì

Tí ẹ bá dé ẹnu géètì adágún omi náà, tí ẹ béèrè ẹni tó ń tún ọ̀nà ẹsẹ̀ ibẹ̀ ṣe, wọn lè má tètè dá yín lóhùn. Ẹ sáà béèrè Baba Ọ̀dà, ẹ óò rí i bí ọwọ́ mẹ́ta ṣe máa nà síbì kan náà. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló fi kun igi lọ́dà. Ọ̀nà náà yí adágún ká, ìrìn wákàtí mẹ́ta ni fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, ìrìn ọjọ́ kan ni fún ẹni tó bá ń dúró ya fọ́tò gbogbo pẹ́pẹ́yẹ. Iṣẹ́ Baba Ọ̀dà ni pé kí àlejò tó wá gbafẹ́ má ṣìnà. Ní gbogbo ogójì ìṣísẹ̀, ó máa ń fa ìlà funfun kan sára igi, kò ní ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, níbi tí ojú èèyàn á ti tètè rí i.

Òfin kan ṣoṣo ló ní, ọ̀gá mẹ́rin ló sì ti gbọ́ ọ títí ó fi sú wọn: igi kan, ojú méjì. Ìlà kan fún ẹni tó ń lọ, ìlà kan lẹ́yìn igi fún ẹni tó ń bọ̀. Ó ní òmùgọ̀ nìkan ló máa kun ojú kan, torí pé ẹni tó lọ ò tíì délé.

Ìyàwó rẹ̀ ló máa ń rán ẹ̀wù ìléfòó tó bá ya, àwọn ẹ̀wù pupa tí àlejò ń wọ̀ kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú sómi. Ká sòótọ́, obìnrin náà fẹ́ràn ọ̀nà yẹn ju bí ọkọ rẹ̀ ṣe fẹ́ràn rẹ̀ lọ. Iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ni lójú ọkùnrin, ṣùgbọ́n ní ti obìnrin, bó bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́ báyìí, bàtà kánfáàsì ló kù kó wọ̀. Bí wọ́n bá bi í pé níbo, á ní, “Ọkọ mi kọ lẹ́tà sí mi lára igi, mò ń lọ kà á.” Àwọn ọlọ́kọ̀ á bú sẹ́rìn-ín, ojú á sì máa ti Baba Ọ̀dà, bẹ́ẹ̀ inú rẹ̀ ń dùn.

Ó di ọdún méje tí omi ti gbé obìnrin náà lọ.

Akọ̀wé ẹnu géètì ló sọ ikú náà di ẹ̀kọ́. Láràárọ̀, bó bá ti já tíkẹ́ẹ̀tì tán, á ní, “Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí o. Obìnrin kan wà níbí, ìyàwó ẹni tó kun ọ̀nà yìí gan-an, kò wo àmì, omi sì gbé e.” Baba Ọ̀dà á gbé agolo rẹ̀ kọjá, á dorí kodò. Àwọn èèyàn rò pé ìbànújẹ́ ni. Ìbànújẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìtìjú ló pọ̀ jù.

Lọ́jọ́ Ajé kan, ọ̀gá tuntun pè é, ó gbé pátákó lé e lọ́wọ́. Wọ́n fẹ́ gbé ìkìlọ̀ sẹ́nu géètì, kó sì ti wà ní sẹpẹ́ kó tó di Sátidé. Ọ̀gá ní àwọn ti gbàṣẹ lọ́wọ́ ọmọ olóògbé, ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló sì kọ ohun tí wọn ó fi síbẹ̀. Baba Ọ̀dà ṣí ìwé náà. Ó mọ ọwọ́ ìkọ̀wé ọmọ rẹ̀. *Ìyá mi kò wo àmì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo tiyín.*

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo yìí ni wọ́n bí. Nọ́ọ̀sì ni, gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ló máa ń wá sílé bàbá rẹ̀. Á sebẹ̀, á gé èékánná fún un, á bá a wí lórí aṣọ tó ti gbó. Lẹ́yìn rẹ̀, Baba Ọ̀dà ò ní ẹnì kankan láyé mọ́. Ìyẹn ló ṣe pa ẹnu mọ́ fún ọdún méje.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí, mi ò sì ní fi oyin sí i. Ọ̀sẹ̀ òjò ni, etí omi wó, ó sì gbé ogún ìṣísẹ̀ ọ̀nà lọ. Baba Ọ̀dà la ọ̀nà tuntun gba orí òkè. Ó fi ẹ̀ka igi dí ẹnu ọ̀nà àtijọ́ níbi tí èèyàn ti ń lọ, ó sì kun ojú àlọ gbogbo igi tuntun. Nígbà tó máa kan ojú àbọ̀, òjò ṣú, ọ̀dà kì í sì í mú lára èèpo igi tó bá tutù. Ó ní ó di ọ̀la. Ọ̀la náà ló fẹ́ dí ọ̀nà àtijọ́ lápá kejì, kó sì họ àmì àtijọ́ kúrò lára igi ìsàlẹ̀. Ọlọ́kọ̀ ojú omi kan ń kọjá, ó gbé e lọ sílé. Kò fẹsẹ̀ rìn padà, kò fojú ẹni tó ń bọ̀ wo iṣẹ́ ara rẹ̀. Nígbà tó délé, ohun tó sọ fún ìyàwó rẹ̀ ni pé ọ̀nà tuntun ti là.

Òjò náà ò rọ̀ pẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, obìnrin náà wọ bàtà kánfáàsì, ó lọ ka lẹ́tà tuntun. Àlọ rẹ̀ dára. Nígbà tó ń bọ̀, ó dé oríta, kò rí àmì lójú ọ̀nà òkè. Àmì funfun tó rí wà lójú ọ̀nà ìsàlẹ̀.

Wọ́n wá a títí ilẹ̀ fi mọ́. Baba Ọ̀dà ló kọ́kọ́ dé oríta, òun nìkan. Ó rí ojú ẹsẹ̀ bàtà kánfáàsì nínú ẹrẹ̀, tó kọrí sísàlẹ̀, tí kò sì padà. Ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rù wá bà á, irú ẹ̀rù tó ń sọ àgbàlagbà di olè. Ó họ àmì ìsàlẹ̀ kúrò. Ó kun ojú àbọ̀ igi òkè. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló tó figbe ta.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọmọ rẹ̀ wá wo pátákó ní yàrá tí wọ́n ń kó ọ̀dà sí. *Ìyá mi* nìkan ló bá níbẹ̀. Ó fi bàbá rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ pé ọ̀rọ̀ méjì lọ́jọ́ márùn-ún, ọjọ́ ogbó ti dé nìyẹn. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kó jókòó sórí agolo, ó sì rò ó fún un látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò fi nǹkan kan bò, bẹ́ẹ̀ ni kò bẹ̀bẹ̀.

Ọmọbìnrin náà wo ọwọ́ ara rẹ̀ títí.

“Ìyá mi wo àmì,” ó ní.

“Wọ́n wò ó.”

“Àmì yín ni wọ́n tẹ̀lé.”

“Tèmi ni.”

Ohùn ọmọbìnrin náà lọ sílẹ̀ gan-an. “Nígbà tí wọ́n ń gbé ìyá mi jáde nínú omi, mo fara ti igi kan lóríta yẹn, mò ń sunkún. Ọ̀dà funfun yí mi lápá ẹ̀wù. Mo fọ̀ ọ́ títí, kò lọ. Ẹ̀wù náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo rò pé ilé wa ni mo ti rí i, torí ọ̀dà ò tán lára nǹkan nílé wa.” Ó dìde. “Ọ̀dà náà ṣì tutù nígbà yẹn, Bàbá mi.”



“Ẹ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀,” ó ní, ó sì lọ.

Baba Ọ̀dà kọ ọ́. Ó pa ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ rẹ́, ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, ó sì gbé pátákó náà sẹ́nu géètì kí ọ̀gá tó dé: *Ìyàwó mi wo àmì. Àmì ló parọ́. Èmi ni mo kùn ún.* Ọ̀gá gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ní kó máa lọ sinmi. Akọ̀wé ò tún sọ ìtàn kankan mọ́, tíkẹ́ẹ̀tì nìkan ló ń já.

Ní báyìí, orí bẹ́ǹṣì létí omi ni Baba Ọ̀dà máa ń jókòó sí lọ́jọ́ Ìsinmi. Kò sẹ́ni tó ń sebẹ̀ dè é nílé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó rí ọmọ rẹ̀ tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà pẹ̀lú bàtà kánfáàsì ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Bó bá ti dé ìdí igi kan, á kọjá rẹ̀, á sì yíjú padà wo ẹ̀yìn igi náà. Ó dé ọ̀dọ̀ bàbá, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, bí ọmọlúàbí ṣe ń kí àgbà tí kò mọ̀ rí.

“Ẹ kú ìjókòó, sà.”

“Kú ìrìn,” ni bàbá dáhùn. Ó fẹ́ fi “ọmọ mi” kún un, kò lè pè é. Ọmọbìnrin náà dé ìdí igi tó kàn, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì ń lọ.