Ibi Tí Ọfà Ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Nínú kẹ́mísírì tí mo kọ́ ní yunifásítì ní Ìlọrin, ọfà kan wà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò nílé ìwé. Ọfà tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó tẹ̀ bí ìwọ̀. Bí èròjà méjì bá pàdé, tí wọ́n sì fẹ́ di nǹkan mìíràn, òun la fi ń tọ́ka ọ̀nà tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù gbà. Ọ̀kan ní in lọ́wọ́, èkejì ń wá a. Èmi a máa fa ọfà mi láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń wá lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní. Olùkọ́ wa a sì fi yíǹkì pupa fa igi lé e.

Mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ààfáà tó ń kọ́ni ní kéwú ni bàbá mi, láti kékeré ni mo sì ti ń rí àwọn tí nǹkan ò rọrùn fún tí wọ́n ń wọ agboolé wa lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ẹni tó ń wá nǹkan ló ń rìn. Mo há ọ̀nà ti olùkọ́ sórí bí mo ṣe ń há kéwú, ṣùgbọ́n bó bá ti pààrọ̀ èròjà, ọwọ́ mi a tún padà sí ti ilé wa. Mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Wọ́n ní kí n tún ìdánwò náà ṣe lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀. Bí mo bá tún pàdánù rẹ̀, kí n gbẹ́rù mi.

Àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti ń sọ pé kí ni ọmọbìnrin fẹ́ fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe. Bàbá mi nìkan ló ní kí n máa lọ. Bí wọ́n bá lé mi, òun ni wọn ó fi ṣe ẹlẹ́yà. Mo kúrò ní Táńkè tí mo ń gbé nítòsí yunifásítì, mo wálé wá gbààwẹ̀, mo sì pa ẹnu mọ́.

Nígbà tí ààwẹ̀ ń parí lọ, bàbá mi ní kí n bá òun gbé ọkà bàbà tí a rà ní ọjà Ìpàtá, sàká tí a máa ń yọ kí a tó túnu. A ń gbé e lọ sílé opó kan lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. Orúnkún ń dun bàbá mi, ó ń tiro. Inú bí mi. Mo ní ṣebí àwọn yòókù ń wá fúnra wọn, kí ló dé tí obìnrin yìí ò lè wá?

“Àwọn tó ń wá yẹn, èmi ni mo pẹ́ jù kí n tó lọ bá wọn,” ló wí. “Ẹni tó ní ló yẹ kó rìn.”

A fún obìnrin náà ní ọkà rẹ̀. Bí a ti ń bọ̀, bàbá mi dúró, ó wò mí lójú.

“Ìwọ náà ńkọ́? Láti ìgbà tí ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, o ò jẹ sààrì dáadáa. Mo ń retí kí o wá bá mi. Wàláhì, mo tún pẹ́.”

Mo bú sẹ́kún. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní bí wọ́n bá lé mi, òun fúnra òun ló máa sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n òun. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé kí ló le tó bẹ́ẹ̀ nínú ìwé náà. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi ìka yà á sílẹ̀ẹ́lẹ̀ fún un: ẹni tó ní rèé, ẹni tí kò ní rèé. Mo fẹ́ fa ọfà, ọwọ́ mi dúró. Mo gbé ìka mi kúrò níbi tí mo fi í sí, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní, ibẹ̀ ni mo sì ti fà á.

Mo yege, bí máàkì mi ò tilẹ̀ pọ̀. Lọ́jọ́ tí èsì jáde, mi ò jẹ́ kí bàbá mi bi mí. Mo wọ bọ́ọ̀sì, mo lọ bá a nílé kéwú.