Abọ́ Kejìdínlógún

Salome ni wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n Màmá Ìdára ni gbogbo Erinje ń pè é. Ó ti lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún. Púpurú ló ń ṣe tà. Yóò rẹ ẹ̀gẹ́ sínú omi, yóò fún omi ara rẹ̀ dànù, yóò mọ ọ́n róbótó, yóò sì tò ó sórí pẹpẹ lókè iná títí èéfín yóò fi sọ ẹ̀yìn rẹ̀ di dúdú. Kì í kánjú. Bí o bá kí i nígbà tó ń ha ẹ̀yìn púpurú, yóò kọ́kọ́ ha èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán kó tó dá ọ lóhùn.

Òun náà ló ń se oúnjẹ fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Erinje nígbàkúgbà tí wọ́n bá ń lọ gbá bọ́ọ̀lù ní ìlú mìíràn. Wọn kì í jẹ oúnjẹ onílùú. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, wọ́n mu omi ìlú kan tí n kò ní dárúkọ, kí rẹfirí sì tó fọn fèrè, mẹ́fà nínú wọn ti wà nínú igbó. Láti ìgbà náà ni Tíṣà Benedict, kóòṣì wọn, ti ṣe òfin pé ìkòkò Màmá Ìdára nìkan ni wọn yóò máa jẹ, Màmá fúnra rẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú gbogbo wọn.

Ní ọjọ́ Sátidé tí wọ́n lọ sí Ìrẹ̀lẹ̀ fún ìdíje ife, ó ku díẹ̀ kí wọ́n wọ̀lú nígbà tí bọ́ọ̀sì já sí kòtò. Púpurú tí ó ti rò wà nínú kúlà, kò sí ohun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n ìkòkò ọbẹ̀ dojú dé, ọbẹ̀ sì ṣàn lọ sábẹ́ àga. Awakọ̀ ní kí wọ́n má bínú. Wọn kò tíì jẹun láti àárọ̀, aago mẹ́rin sì ni bọ́ọ̀lù.

Ìrẹ̀lẹ̀ yìí ni Judith, ẹ̀gbọ́n Salome, fẹ́ ọkọ sí. Ẹ̀yìn pápá gan-an ni ilé rẹ̀ wà. Ó ti di ọdún mẹ́ta tí àwọn méjèèjì ti bára wọn sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Nígbà tí ìyá wọn kú, Salome, tó ń lọ sí ìjọ aládùúrà, fẹ́ kí wọ́n fi aṣọ funfun sin ín. Judith ní rárá, aṣọ òkè ìyá àwọn ni yóò wọ̀ lọ. Ti Judith ló ṣẹ. Salome kò fẹnu kan oúnjẹ níbi ìsìnkú náà.

Ọlọ́kadà kan tó bá wọn níbi kòtò ló ṣáájú wọn gbé ìròyìn dé pápá. Bọ́ọ̀sì kò tíì dúró pẹ́ tí Judith fi yọ, ìkòkò lórí òṣùká.

"Mo gbọ́ pé ọbẹ̀ yín dànù," ló wí. "Marúgbó ni. Mo ti sè é fún ilé tẹ́lẹ̀."

Salome kúnlẹ̀ kí i. Judith sọ ìkòkò kalẹ̀, ó sì yíjú padà sílé, kò dúró gba ọpẹ́.

Ọbẹ̀ ewé ni marúgbó, ó dúdú, ẹnikẹ́ni kì í rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọmọ Ìkálẹ̀ ni gbogbo wọn, wọ́n ti ń jẹ ẹ́ láti kékeré, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ńṣe ni wọ́n ń wo inú ìkòkò bí ẹni ń yọjú wo kànga. Tíṣà Benedict fa Salome sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní òun kò pe ẹnikẹ́ni ní ìkà, àmọ́ ṣé Màmá mọ̀ pé àbíkẹ́yìn ẹ̀gbọ́n wọn ló ń wọ nọ́ńbà mẹ́sàn-án fún Ìrẹ̀lẹ̀? Salome ní òun mọ̀.

"Ṣé ẹ lè fọwọ́ sọ̀yà fún un?"

Salome wo ìkòkò náà. Bí ó bá dá ìkòkò yìí padà, ọ̀rọ̀ tán láàrin òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí ọjọ́ ikú. Bí ó bá sì gbà á, tí inú ẹnì kan ṣoṣo run, ẹgbẹ́ kò ní jẹ oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́, Erinje yóò sì máa fi í pòwe.

"Mo fọwọ́ sọ̀yà," ló wí.

Ó jẹ ẹ́ lójú wọn. Wọ́n wò ó fún ìdajì wákàtí. Lẹ́yìn náà ló bù ú sínú abọ́ funfun méjìdínlógún, wọ́n sì tú ká sábẹ́ igi lọ jẹun.

Nígbà tí bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀, Salome jókòó sórí àga létí pápá, ṣùgbọ́n kò wo bọ́ọ̀lù. Ikùn ara rẹ̀ ló ń ṣọ́. Ohun kan gún un lábẹ́ ìhà. Ó dúró dè é, kò padà wá. Ó gbàdúrà, ó tún dá àdúrà dúró kí ó lè gbọ́ bí inú rẹ̀ ṣe ń kùn. Erinje gbá góòlù kan wọlé, gbogbo èrò wọn fò sókè. Òun kò lè dìde.

Lẹ́yìn ìsinmi, Olúyọmí, aṣọ́lé wọn, fọwọ́ gbá ikùn mú, ó sì tẹ̀ mọ́ òpó. Àwọn ọmọ Ìrẹ̀lẹ̀ rí i.

"Aṣọ́lé, ilé ìyàgbẹ́ wà lẹ́yìn kíláàsì o," ọ̀kan kígbe. "Sáré lọ, a ó bá ọ ṣọ́lé."

Wọ́n gbá ọ̀kan wọlé níbi tó ti ń wá bí yóò ṣe nàró. Nọ́ńbà mẹ́sàn-án gbá ìkejì. Tíṣà Benedict kúrò létí ìlà, ó wá dúró níwájú Salome.

"Màmá Ìdára, kí ló wà nínú ọbẹ̀ yẹn?"

"Ohun tó wà nínú rẹ̀ wà nínú èmi náà, Tíṣà. Mo ṣì jókòó."



Méjì sí ọ̀kan ni wọ́n parí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó wojú Salome. Ó ṣe ohun tó máa ń ṣe: ó lọ kó abọ́ jọ. Ó kà á, mẹ́tàdínlógún. Ó tún un kà. Ó wá a lábẹ́ igi, ó wá a nínú bọ́ọ̀sì. Inú báàgì Olúyọmí ló ti rí ìkejìdínlógún, tí wọ́n fi ọ̀rá wé e, púpurú ti gbẹ lójú, ẹja sì wà lódindi.

Olúyọmí jókòó sórí àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì, ètè rẹ̀ funfun.

"Ẹ̀rù ló bà mí, Màmá," ló wí. "Mo kàn ṣe bí ẹni tó ń jẹ ni."

"Ìgbà wo lo jẹun kẹ́yìn?"

"Àná."

Tíṣà Benedict gbọ́. Ó ṣí fìlà, ó sì di fìlà náà mú sọ́wọ́. Salome kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ó kàn ní ìkòkò kì í ṣe tòun, òun ní láti dá a padà, kí Olúyọmí bá òun gbé e.

Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n bá Judith. Kò mẹ́nu ba góòlù ọmọ rẹ̀.

"Ṣé wọ́n jẹ ẹ́ tán?"

Irọ́ kékeré ì bá tó. Salome wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó mú abọ́ jáde.

"Ó ku ọ̀kan," ló wí.

Judith wo abọ́, ó wo ọmọkùnrin tó tẹ̀ síwájú bí arúgbó. Ó gbé oúnjẹ náà kaná, ó sì gbé àpótí kalẹ̀ fún un. Olúyọmí ń wo Salome. Salome já nínú ẹja, ó jẹ ẹ́, gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí. Judith náà na ọwọ́, ó já tirẹ̀. Nígbà náà ni ọmọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.

Lọ́nà pápá, awakọ̀ ń tẹ fèrè, ó ń tẹ̀ ẹ́ léraléra. Judith ní kí ó máa tẹ̀ ẹ́. Ó bu omi sí ife, ó gbé e fún Olúyọmí, ó sì bu òmíràn fún àbúrò rẹ̀.