Àlàfo Tó Wà Láàárín Kọ́ìlì Méjì

Obìnrin tísà kan láti Èrúwà jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé iṣẹ́ rédíò wa, lẹ́bàá Ìgbó-Ọrà. Ìyá rẹ̀, tí ogbó ti gba ìrántí rẹ̀, rìn jáde láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọn kò sì rí i. A ti kéde rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n ohùn wa kò jìnnà síta ìlú.

Àṣìṣe mi ni.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yunifásítì dé ni. Ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sáfẹ́fẹ́ ní ìpele: ìpele kékeré ń fi kún agbára, á gbé e fún ìpele ńlá, ìyẹn á gbé e lọ sórí òpó gíga tó ń tan ohùn ká. Wáyà kankan kò so méjèèjì pọ̀. Kọ́ìlì méjì, wáyà bàbà tí a wé róbótó, ló dojú kọra. Agbára ń fò láti ara ọ̀kan sí èkejì. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo fẹ́ kí agbára pọ̀ sí i, mo bá sún wọn mọ́ra pẹ́kípẹ́kí.

Bàbá Rísí, ará Ìdèrè, tó ti ń tọ́jú ẹ̀rọ náà láti ìgbà tí mo wà ní pámárì, wọlé, ó yọjú wo inú rẹ̀.

"Injiníà, ta ló kó ìyàwó méjì sí yàrá kan?"

"Èmi ni, Bàbá. Mo rò pé bí wọ́n bá súnmọ́ra..."

"O rò! Èmi tí mo fẹ́ méjì, mo fi àgbàlá sáàárín wọn. Bí wọ́n bá jìnnà jù, wọn ò ní gbọ́ra. Bí wọ́n bá súnmọ́ jù, iṣẹ́ ò ní ṣe. Mítà ni kó o wò, má wò mí."

Ó fi ọ̀pá ọparun gbígbẹ ti kọ́ìlì kan sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Abẹ́rẹ́ mítà tó ń fi agbára hàn ń gòkè, ó ń gòkè, ó wá fẹ́ máa padà.

"Ó ti ń wálẹ̀, Bàbá!"

"A ti kọjá ibẹ̀ nìyẹn." Ó dá kọ́ìlì náà padà bí ìbú èékánná.

A tún ìkéde náà ṣe. Àgbẹ̀ kan tó ń tu ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn Lánlátẹ̀ gbọ́ ọ. Màmá náà ti wà lábẹ́ igi káṣù rẹ̀ láti ọ̀sán. Kí oòrùn tó wọ̀, ọ̀kadà gbé e dé. Tísà náà kúnlẹ̀ fún mi.

"Ẹ ṣeun, Injiníà. Ẹ̀yin náà kò ní wá ẹni yín tì."

Bàbá Rísí ti bọ́ sẹ́yìn ilé lọ ṣe àlùwàlá. Mo gba ọpẹ́ náà, n kò dárúkọ Bàbá Rísí.

Ẹ̀rọ ìsinsìnyí, inú páálí ló ń dé. Bí apá kan bá kú, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á ki òmíràn bọ̀ ọ́. Ó dára. Ṣùgbọ́n Bàbá Rísí ti re ọ̀run, tísà náà ti lọ, mo sì ti dàgbà ju bí Bàbá ṣe wà lọ́jọ́ náà lọ. Ó ń dùn mí pé n kò pè é padà lọ́jọ́ náà, kí n sọ níwájú obìnrin yẹn pé, "Èmi ni mo bà á jẹ́, Bàbá yìí ló tún un ṣe." Gbólóhùn kan péré ni. N kò rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún mọ́.