Ọsàn Tí Mo Gbìn Sínú Èèpo Ọ̀gẹ̀dẹ̀

Ẹ fara balẹ̀, kí n sọ bí orúkọ mi ṣe fẹ́ bàjẹ́ ní Bẹyẹrunkà. Èmi ò mọ̀wé o. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ́.

Láyé ìgbà tí náírà ṣì níyì, ọmọ igi ọsàn ni mò ń gbìn tà lẹ́yìnkùlé wa. Inú ọ̀rá dúdú la máa ń gbìn wọ́n sí.

Ọjọ́ kan ni oníbàárà mi, Bàbá Délé láti Òkè Padre, dé, ojú rẹ̀ le koko. Ó ní aràrá ọsàn ni mo tà fún òun, pé ó ti lé lọ́dún kan lóko, kò ga ju orúnkún lọ. Kò sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Gbogbo àdúgbò gbọ́. Kò pẹ́, oníbàárà ò yà sọ́dọ̀ mi mọ́. Kí ni n ó fi bọ́ àwọn ọmọ?

Mo ní kó mú mi dé oko náà. A wú ọ̀kan. Háà, ọ̀rá ṣì wà lára rẹ̀! Àwọn lébìrà tó gbìn ín ò bọ́ ọ kúrò, gbòǹgbò wá ká ara rẹ̀ mọ́ inú ọ̀rá bí ìfun. Ọ̀rá àwọn tí wọ́n bọ́ sì rèé, atẹ́gùn ti fọ́n wọn káàkiri oko.

Bàbá Délé gbà pé ẹjọ́ mi kọ́, àmọ́ ó ní lébìrà ò ní yé kánjú. Òótọ́ ni. Kí ló wá dé tí àpò náà ò lè jẹrà fúnra rẹ̀?

Mo ṣa èèpo gbígbẹ ara igi ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo rẹ ẹ́ sómi kó rọ̀, mo ká a bí agolo, mo so ó, mo bu ilẹ̀dú sí i. Ìyá Ràṣídà, aládùúgbò mi, rẹ́rìn-ín títí.

"Ìyá Mojí, ṣé mọ́ínmọ́ín lẹ fẹ́ sè fún ọsàn ni?"

Mo ní, "Ẹ lọ mú ṣíbí yín wá."

Àwọn àkọ́kọ́ jẹrà kí ọsàn tó tó gbìn. Ìyá Ràṣídà tún yọjú: "Ó ti jinná jù o." Mo fi èèpo méjì-méjì ká òmíràn, ìyẹn dúró.

Bàbá Délé gba díẹ̀, àwọn lébìrà rẹ̀ gbìn ín tòun tèèpo. Nígbà tí òjò ọdún kejì máa fi dé, èèpo ti di ilẹ̀, gbòǹgbò ti rìn, ọsàn ti ga dé èjìká mi. Ọkùnrin yìí gbé píkọ́ọ̀pù wá sí Bẹyẹrunkà, ohùn tó fi bú mi lọ́jọ́sí náà ló fi ń yìn mí lójúde. Gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ ló kó. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ẹlòmíì ti ń béèrè ilé ìyá ọlọ́sàn.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé, tí ẹ bá mọ̀ pé èèyàn máa kánjú, ẹ ṣe ohun tí ìkánjú ò ní lè bà jẹ́. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ fi ń gbin nǹkan tí kì í di ìdọ̀tí? Ẹ sọ ọ́ ká gbọ́.